Ikọ́ Ọkọ Lẹ́nu Ìyàwó

Àgbékẹ́ ará Massè kò fi ẹnu kan tábà rí láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí pé ní ilé ìwòsàn Adja-Ouèrè, láyé ìgbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ìjọba lé wa lórí, òun ni wọ́n kà sí obìnrin tó ń mu tábà jù lọ ní gbogbo agbègbè. Òkìkí rẹ̀ kàn dé Pobè. Dókítà òyìnbó gbé mọ́tò kúrò níbẹ̀, ó wá fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Obìnrin tó jẹ́ pé bí èéfín tábà bá ti wọ ilé ìdáná báyìí, ìta ló máa ń sá lọ! Ayé yìí, bí èèyàn ò bá rẹ́rìn-ín sí i, kí ni yóò ṣe sí i?

Ọkọ rẹ̀ ló ni tábà. Oyèlẹ́yẹ ni wọ́n ń pè é, ẹlẹ́mu ni, ẹmu rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn ará Oko-Akarè máa ń fi ẹmu tiwọn sílẹ̀ wá mu tirẹ̀. Òun ni yóò gun ọ̀pẹ, Àgbékẹ́ ni yóò ru ẹmu lọ sọ́jà. Ìkòkò tábà rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu. Bó bá jí, kó tó fọ ojú, á ti kì í. Bó bá fẹ́ gun ọ̀pẹ, á so igbà mọ́ ìbàdí, á gbé ìkòkò tábà há ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó di òkè, èéfín á sì máa tẹ̀ lé e lọ sókè. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè rò pé imọ̀ ọ̀pẹ ló ń jóná.

Ikọ́ náà kò pẹ́ kó tó dé. Àárọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń bá a fínra. Nígbà tó yá, kò mọ àárọ̀ mọ́, kò mọ alẹ́. Orí oko ni ahéré wọn wà, tó jìnnà sí abúlé, ìyẹn ni wọ́n fi rí i pa mọ́. Bó bá wà láàárín èèyàn, á gbé ikọ́ náà mì bí ẹni gbé ẹ̀kọ gbígbóná mì, ojú rẹ̀ á pọ́n, á wá ní kòkòrò ló kó sí òun lójú.

Kí ló dé tó ń pa á mọ́? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà sọ pé agídí lásán ló ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agídí náà ń bẹ níbẹ̀. Ní ìlú yẹn, ẹlẹ́mu kì í sábà ni ọ̀pẹ tó ń gùn. Àwọn olóko ló ni ọ̀pẹ. Bí èèyàn bá sì já lulẹ̀ lórí ọ̀pẹ rẹ, ìwọ olóko lo wọ wàhálà: ìwọ ni wàá ṣe ètùtù, ìwọ ni wàá gé ọ̀pẹ náà dànù, kò sì sí ẹni tó máa ra epo oko rẹ lọ́dún yẹn. Nítorí náà, kí olóko ṣáà ti fura pé òòyì ń kọ́ ẹlẹ́mu kan, tàbí pé èémí rẹ̀ kò já gaara, "Lọ ká igbà rẹ" ló kàn. Bàbá Àlàgbé ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ tí Oyèlẹ́yẹ ń gùn, Bàbá Àlàgbé ò sì lójú àánú lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Lọ́jọ́ kan, Àgbékẹ́ wà nídìí ọ̀pẹ, ó ń dúró kí ọkọ rẹ̀ fi okùn sọ agbè ẹmu kalẹ̀. Ibi tí ọkùnrin náà dé, àárín méjì ilẹ̀ àti imọ̀, ni ikọ́ ti gbé e. Ó wú u, ó wú u, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, igbà ń yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti kúrò lára igbà. Àgbékẹ́ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ. Ṣé ọkùnrin bàǹtàbanta ló fẹ́ fi ọwọ́ gbà ni? Ìfẹ́ kì í ro ìyẹn. Nígbà tí ikọ́ náà dáwọ́ dúró, Oyèlẹ́yẹ gbá igbà mú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ẹnu, ó ní kò sí nǹkan kan.

"Kò sí nǹkan kan kẹ̀? Bàbá Ìbídùn, o fẹ́ já!" Ìbídùn ni ọmọbìnrin wọn tó ti lọ sílé ọkọ.

"Mo já àbí mi ò já?"

"Jẹ́ ká lọ sí ilé ìwòsàn ní Adja-Ouèrè."

"Kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín ìyá ọlọ́mọ, kí gbogbo ayé máa wò mí? Kó tó di ọjọ́ kejì, Àlàgbé á ti gbọ́. Àgbékẹ́, bí o bá sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń wúkọ́, o ti gba oúnjẹ lẹ́nu àwa méjèèjì." Ó wá tún ìkòkò tábà rẹ̀ kì.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Láti ọjọ́ náà, bí Oyèlẹ́yẹ bá ti jáde pẹ̀lú igbà, etí Àgbékẹ́ á wà lọ́nà igbó títí yóò fi padà. Bí imọ̀ ọ̀pẹ bá já bọ́ nínú igbó, á rò pé ọkọ òun ni. Kò lè sọ, kò sì lè dákẹ́. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó wá rí ọ̀nà kan. Ọkọ òun ní kí òun má sọ pé ikọ́ ń ṣe òun Oyèlẹ́yẹ. Ó dáa. Kò ní kí òun má sọ pé ikọ́ ń ṣe èmi Àgbékẹ́.

Bó ṣe di ọjọ́ ọjà nìyẹn, obìnrin yìí ta ẹmu rẹ̀ tán, ó gbá ìró mọ́ àyà, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Ilé ńlá kọ́, yàrá bíi mélòó kan pẹ̀lú páànù lórí, bẹ́ǹṣì gígùn kan sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin ti kún orí rẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹfúnwùmí, ìyàwó Bàbá Àlàgbé fúnra rẹ̀, wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì kí ara wọn, kò sì sí ẹni tó bi ẹnì kejì pé kí ló gbé e wá.

Rogatien ló ń tọ́jú àwọn èèyàn níbẹ̀. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, nọ́ọ̀sì ni ìwé rẹ̀ pè é, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo ayé ń pè é, kò sì bínú sí i. Ṣòkòtò péńpé funfun tí wọ́n lọ̀ gbagidi ló máa ń wọ̀. Nígbà yẹn, iṣẹ́ tuntun kan ti dé sí i lọ́wọ́. Dókítà òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Pobè fẹ́ mọ irú àìsàn tí tábà máa ń fà fún àwọn ará oko, àwọn àìsàn ojoojúmọ́ wọ̀nyí tó ń gbé èèyàn wá sílé ìwòsàn: ikọ́, èémí tó ń há, àyà tó ń ta, orí fífọ́, ehín dídùn. Ó ní kí Rogatien bi gbogbo ẹni tó bá wá: ṣé o ń mu tábà, irú èwo, ó ti pẹ́ tó? Kó sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ.

"Ẹ káàsán, Dókítà," Àgbékẹ́ wí nígbà tó kàn án.

"Ẹ káàsán, Ìyá. Kí ló ń ṣe yín?"

"Ikọ́ ni."

"Báwo ló ṣe máa ń ṣe?"

Inú Àgbékẹ́ dùn. Ó mọ ikọ́ náà dáadáa, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ú. "Kí àkùkọ tó kọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Á dún bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ igi gbígbẹ lórí ilẹ̀ líle. Á wú u, á wú u, ojú á pọ́n, á wá tutọ́. Lẹ́yìn náà á ní kò ṣe òun ní nǹkan kan."

"Ta ló ní kò ṣe òun ní nǹkan kan?"

"Èmi ni. Èmi ni mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Rogatien wò ó. "Èémí ńkọ́?"

"Èémí máa ń há mi tí mo bá ti dé ìdajì."

"Ìdajì kí ni?"

"Ìdajì... òkè."

Rogatien gba ojú fèrèsé wòta. Ilẹ̀ Adja-Ouèrè tẹ́ pẹrẹsẹ títí ojú fi ríran mọ. "Òkè wo ló wà ní Massè, Ìyá?"

"Àkàbà ni mò ń wí. Àkàbà aká àgbàdo wa. Aká wa ga o, Dókítà."

"Ó dáa. Ṣé ẹ máa ń mu tábà?"

Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀. Bí Àgbékẹ́ bá ní òun kì í mu ún, irọ́ kọ́ o, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ikọ́ ọkọ ló gbé wá, a kì í sì í gbé ikọ́ wá ká fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Bí oògùn bá máa bá ikọ́ mu, àfi kí òun sọ gbogbo rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Mo máa ń mu ún."

"Sìgá ni àbí áṣáà?"

"Ìkòkò ni. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí n tó fọ ojú ni mo ti máa ń kì í."

"Ó ti tó ọdún mélòó?"

"Háà! Ó ti ń mu ún kí n tó fẹ́ ẹ. Kí n tó relé ọkọ, mo fẹ́ wí."

Gbogbo orí tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló yí padà. Rogatien gbé rọ́bà tó fi ń gbọ́ àyà há etí, ó gbé ẹnu rọ́bà náà lé Àgbékẹ́ lẹ́yìn, ó gbé e síwájú. Kò gbọ́ nǹkan kan bí kò ṣe èémí tó ń lọ tó ń bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, àyà tó mọ́ tónítóní. Ó mi orí. Ó fún un ní ìgò oògùn ikọ́, ó ní kó jáwọ́ nínú ìkòkò tábà, ó wá ní kó kọjú sí ògiri. Abẹ́rẹ́ ìgbà yẹn nípọn o, kì í ṣe tòde òní. Abẹ́rẹ́ náà kò bi Àgbékẹ́ léèrè pé ikọ́ ta ni. Ó kàn wọlé ni. Obìnrin náà gé ètè jẹ, ó ní nínú ara rẹ̀ pé, Oyèlẹ́yẹ, Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo rí lára rẹ.

Nígbà tó délé, ó gbé oògùn fún ọkọ rẹ̀, ó ní Dókítà ló ní kí ẹni tó ń wúkọ́ máa mu ún. Oyèlẹ́yẹ tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó tún tọ́ ọ.

"Dókítà ní kí ẹni náà jáwọ́ nínú tábà pẹ̀lú," Àgbékẹ́ wí.

"Ta ló sọ fún?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ló sọ fún, ìwọ ni kó o jáwọ́ nínú tìẹ!" Oyèlẹ́yẹ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó wá jókòó sílẹ̀, ó di ìgbáròkó mú. Àgbékẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Kò sọ fún un nípa abẹ́rẹ́ náà, torí ó mọ̀ pé bó bá gbọ́, kò ní jẹ́ kí òun padà lọ.

Ó sì padà lọ. Oògùn á tán, á padà lọ, wọ́n á tún gún un lábẹ́rẹ́, á tún máa tiro bọ̀ wálé. Bí àwọn obìnrin bá ń bi í pé kí ló ń ṣe ìdí rẹ̀, á ní òun ṣubú ni. Ìyẹn nìkan kọ́. Rogatien ti ń rí i pé kì í ṣe Àgbékẹ́ nìkan. Ẹfúnwùmí náà ní ìkòkò lòun ń mu. Àwọn obìnrin kan láti Oko-Akarè ní áṣáà ni tiwọn, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, wọ́n ní àyà ń ta àwọn. Obìnrin tó ń pọnmọ, tó ń ru igi, tó ń roko, gbogbo wọn ló ń mu tábà bí iná, gbogbo wọn ló ń wúkọ́ lẹ́nu, àyà gbogbo wọn sì mọ́. Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Wọn kì í wá. Bó ṣe wà lórí ìwé Rogatien, kò sí ọkùnrin tó ń mu tábà ní gbogbo ilẹ̀ náà.

Nígbà tí ìròyìn yìí dé Pobè, orí dókítà òyìnbó gbóná. Ó ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí nìyí! Àwọn obìnrin tí tábà ò lè pa lára! Ó ní bóyá epo pupa tí wọ́n ń jẹ ni, bóyá àgbàdo ni. Ó wọ mọ́tò, ó di Adja-Ouèrè. Ó ní kí wọ́n pe àwọn obìnrin náà jọ, àgàgà èyí tí wọ́n ń pè ní Àgbékẹ́.

Èèyàn dáadáa ni òyìnbó náà, ẹ má bú u. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó wá ní òun fẹ́ gbọ́ àyà Àgbékẹ́ kó tó mu tábà, kí òun tún gbọ́ ọ lẹ́yìn tó bá mu ún tán. Ó ti ra ìkòkò tábà kan bọ̀ lọ́jà. Ó kì í, ó ṣáná sí i, ó fi ọ̀wọ̀ nà án sí i, bí a ṣe ń na obì sí àgbà.

"Ẹ gbà á, Ìyá," Rogatien túmọ̀ fún un. "Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ mu ún bí ẹ ṣe máa ń mu ún nílé."

Àgbékẹ́ gba ìkòkò. Ó ti rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe é, àmọ́ ká rí i yàtọ̀ sí ká ṣe é. Ó fi í sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ iná, eérú sì bú jáde, ó bà lé aṣọ funfun Rogatien. Ẹfúnwùmí kò lè mú un mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín. "Fà á, má fẹ́ ẹ!" ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ké. Àgbékẹ́ fà á. Yéè! Èéfín wọ ọ̀nà ọ̀fun, ó wọ imú, ó wọ ibi tí èéfín ò gbọdọ̀ wọ̀. Ikọ́ gbé e. Àfìgbà tó kúnlẹ̀ sílẹ̀. Ó wú u débi pé kò rí ilẹ̀, kò rí òkè. Nínú ìdààmú yẹn ló ti rí ọkọ rẹ̀ lókè ọ̀pẹ, tí igbà ń yọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ṣé bó ṣe máa ń ṣe é nìyí? Tó sì tún ń gòkè?

Rogatien fún un lómi. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìyá, ẹ̀yin ò mu tábà rí. Ikọ́ ta ni ẹ ti ń gbé wá sọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ yìí?"

Omijé ti ń bọ̀ lójú Àgbékẹ́ tẹ́lẹ̀ nítorí èéfín, nísinsìnyí ó di ẹkún gidi. "Ti ọkọ mi ni! Ikọ́ Oyèlẹ́yẹ ni! Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á gba ọ̀pẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọ̀pẹ á gbà á lọ́wọ́ mi!"

Lẹ́yìn náà ni Àgbékẹ́ rántí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyàwó ẹni tó ni ọ̀pẹ. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Ó yíjú sí Ẹfúnwùmí, ẹ̀rù bà á.

Ẹfúnwùmí ń fi etí ìró nu ojú. "Má wò mí bẹ́ẹ̀, arábìnrin. Ti Àlàgbé lèmi náà ń gbé kiri. Ó ní bí wọ́n bá mọ̀ pé àyà ń ta òun, wọ́n á ní òun ti darúgbó."

"Orí fífọ́ ti bàbá àwọn ọmọ mi ni tèmi," èyí tó wá láti Oko-Akarè wí. Bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ lọ nìyẹn lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìdí tí abẹ́rẹ́ ti gún síra wọn. Nígbà tí Rogatien túmọ̀ rẹ̀ tán, òyìnbó kọ́kọ́ di orí mú nítorí iṣẹ́ rẹ̀ tó bàjẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn, ó wo ìkòkò tábà, òun náà wá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn ọkùnrin Massè pé kí olúkúlùkù gbé àyà ara rẹ̀ wá.

Èyí tó ṣẹ́ kù ni pé kí Àgbékẹ́ sọ fún ọkọ rẹ̀. Kò fi falẹ̀. Bó ṣe délé ló sọ ọ́.

Oyèlẹ́yẹ fi ìbínú dìde. "Níwájú ìyàwó Àlàgbé! O ti tà mí, Àgbékẹ́. Kí la ó máa jẹ?"

"Gbáàgúdá wa ń bẹ lóko. Ebi kì í já èèyàn lulẹ̀ láti òkè."

"Mo ní kó o má sọ! Ṣé oògùn inú ìgò lásán ló mú ọ tú gbogbo àṣírí yìí?"

Ìgbà náà ni inú bí Àgbékẹ́. Obìnrin tí kì í bínú, ẹ kíyè sí ọjọ́ tó bá bínú. "Oògùn inú ìgò lásán?" Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ká ìró sókè. "Wò ó! Wò ó dáadáa! Ìwọ mu èyí tó dùn, èmi gba èyí tó korò. Ìdí yìí ló ń wúkọ́ àbí ìwọ?"

Oyèlẹ́yẹ wò ó. Ibẹ̀ wú, ó le bí ẹ̀kùrọ́ lábẹ́ awọ. Ó na ìka kan síbẹ̀, Àgbékẹ́ sì ta kúrò nítorí ìrora. Ọkùnrin náà jáde, ó lọ jókòó sábẹ́ igi, ìkòkò tábà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣáná sí i. Ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó tún di ọjọ́ ọjà, Àgbékẹ́ rí ọkọ rẹ̀ tó wọ bùbá rẹ̀ tó mọ́ jù lọ. Kò mú igbà. Ó ní, "Ó yá." Wọ́n lọ, ó ń ṣáájú, ìyàwó ń tẹ̀ lé e, Àgbékẹ́ sì ń to ẹ̀bẹ̀ lọ́kàn ní gbogbo ọ̀nà, ohun tó máa sọ fún Bàbá Àlàgbé, bó ṣe máa kúnlẹ̀ tọkàntọkàn, kó má gba ọ̀pẹ lọ́wọ́ wọn.

Kò ní láti wá a lọ jìnnà. Ta ni wọ́n bá lórí bẹ́ǹṣì? Bàbá Àlàgbé fúnra rẹ̀, tó dé fìlà bo ojú, tí Ẹfúnwùmí sì jókòó tì í bí olùṣọ́ tó mú olè. "Ìyàwó mi ni mo sin wá," Bàbá Àlàgbé wí kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ẹfúnwùmí kọ hà, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Rogatien pe Oyèlẹ́yẹ. Ọkùnrin náà dìde dúró níwájú gbogbo wọn. "Kí ló ń ṣe yín, Bàbá?"

Oyèlẹ́yẹ yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Àgbékẹ́, sọ fún wọn."

"Mi ò mọ̀ ọ́n," Àgbékẹ́ wí. "Ahọ́n ń bẹ lẹ́nu rẹ."

Oyèlẹ́yẹ kọjú sí Rogatien. "Ikọ́ ni," ó wí. "Tábà ni mò ń mu. Láti kékeré."

"Ìgbà wo ló máa ń le jù?"

"Tí mo bá wà lókè." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ líle tí igbà ti ha. "Tó bá gbé mi báyìí, mi ò ní rí nǹkan kan mọ́. Màá di igbà mú, màá máa pe orúkọ ìyàwó mi títí yóò fi lọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Dókítà. Ó ti pẹ́ tó ti ń bà mí."

Àgbékẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ìgbà tí òun ti ń dúró nísàlẹ̀, ó rò pé òun nìkan ni ẹ̀rù ń bà.

Bàbá Àlàgbé ti ká fìlà kúrò lójú. Ó fò dìde, ojú rẹ̀ le koko. "Oyèlẹ́yẹ! Lórí ọ̀pẹ tèmi? O ń wúkọ́ lórí ọ̀pẹ tèmi? Láti òní lọ, mi ò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ rẹ lára ọ̀kan nínú wọn mọ́. O ò gùn ún mọ́ láéláé, ṣé o gbọ́?"

Àgbékẹ́ bọ́ sáàárín láti bẹ̀ ẹ́. Ó ya ẹnu, ẹ̀bẹ̀ tó ti ń tò bọ̀ láti ilé kò sì jáde. Ó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà létí: o ò gùn ún mọ́ láéláé. Ó wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì, omijé ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ṣé o, Bàbá," ó wí. "Olúwa á bá mi san án fún yín. Ẹ ṣé gan-an ni."